Tìmùtìmù Harvard àti Yàrá Olórin

Ní ọdún 1895, Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fogg, ṣùgbọ́n kò ṣe é lò. Bí olùkọ́ bá sọ ọ̀rọ̀ kan, ohùn náà á máa ta lára ògiri fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5.5 kí ó tó kú. Kí ó tó kú, olùkọ́ á ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn lé e lórí.

Wallace Clement Sabine, olùkọ́ físíìsì tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ni wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe náà lé lọ́wọ́. Fèrè dùùrù kan, aago, àti etí ara rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Òru ni ó ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ariwo ìgboro bá ti rọlẹ̀. Ó yá tìmùtìmù àwọn àga Sanders Theatre tí ó wà nítòsí, ó ń kó wọn wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ka àkókò tí ìró fèrè fi ń kú. Bí tìmùtìmù ti ń pọ̀ sí i ni ìró ń tètè kú, títí ó fi wá sí ìṣẹ́jú àáyá kan ó lé díẹ̀. Nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé aṣọ ọrùn òun pàápàá ń fa ohùn mu, ó da ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ irú aṣọ kan náà ṣiṣẹ́. Àwọn kan lè pè é ní àṣejù, ṣùgbọ́n àṣejù yẹn ló jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ dúró.

Ní 1898 ni ó rí ìṣirò náà. Ẹ mú yàrá tí ó gùn ní mítà 4, tí ó fẹ̀ ní mítà 3, tí ó sì ga ní mítà 3. Bí gbogbo ohun inú rẹ̀ bá ń fa ohùn mu bíi fèrèsé ṣíṣí 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1 níbùú lóròó, ìró á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìṣẹ́jú àáyá 1. Bí ó bá di fèrèsé 12, àkókò náà á dín sí ìdajì. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n fi kọ́ Symphony Hall ní Boston, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 1900.

Ìṣirò kan náà ló wà nínú yàrá ìbùsùn tí ọ̀dọ́ olórin sọ di sítúdíò: ògiri sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ táìlì, kò sí ohun tí ń fa ohùn mu. Kíréètì ẹyin tí ọ̀pọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò nípọn tó láti ṣe iṣẹ́ náà. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ohùn tín-ín-rín nìkan ló ń pa. Béèsì á ṣì máa dún wùúwùú. Bẹ́ẹ̀dì tí ó nípọn, kọ́tínnì wúwo àti aṣọ tí ó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni kí ènìyàn ra fóòmù nítorí aládùúgbò tí ń fi ẹjọ́ sun onílé. Ohun tí ń fa ohùn mu nínú yàrá kì í dí i mọ́ yàrá. Ògiri tó wúwo àti dídí gbogbo ihò ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé ló ń ṣe èyí.

Ti sípíkà tún yàtọ̀. Bí a bá gbé e lé tábìlì tí inú rẹ̀ ṣófo, tábìlì á gbọ̀n, á di ìlù, olórin á sì máa gbọ́ béèsì tí kò sí nínú orin rẹ̀. Yóò wá dín béèsì kù, orin á sì gbẹ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Ìdúró onírin tí ó wúwo, tàbí rọ́bà tí ó nípọn lábẹ́ sípíkà, pẹ̀lú gbígbé e kúrò ní igun ògiri, ló ń dín àfikún béèsì yìí kù.