Kàtúùnù Ìgbà Àkọ́kọ́ Tó Sọnù àti Èyí Tí Wọn Kò Parí

Kàtúùnù tó sọnù ni fíìmù aláwòrán tí a mọ̀ dájú pé wọ́n ṣe, tí èrò sì wò nígbà kan, ṣùgbọ́n tí ẹ̀dà rẹ̀ kò sí níbi ìpamọ́ kankan mọ́. Èyí tí wọn kò parí ni èyí tí owó, ogun tàbí ìjọba dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Irú méjèèjì pọ̀ láti ọdún 1908, tí Émile Cohl gbé Fantasmagorie jáde ní Paris, títí di nǹkan bí ọdún 1940. Ní Gàbọ́n, Nìjẹ̀ àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí Faransé jẹ gàba lé lórí, ẹ̀yìn òmìnira ọdún 1960 ni ìgbà àkọ́kọ́ sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó fà á

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, fíìmù nitrate ni wọ́n ń lò. Ó máa ń tètè gbaná. Bí kò bá sì jóná, ó lè jẹrà di lúbúlúbú nínú agolo rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan tún ń ra àlòkù fíìmù láti yọ fàdákà inú rẹ̀. Nígbà tí fíìmù olóhùn dé ní ìparí àwọn ọdún 1920, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ da èyí tí kò lóhùn nù, wọ́n ní kò lè mówó wọlé mọ́.

Àwọn tí a mọ̀ jù

Cohl fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú àdánù yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 1914, iná jó ilé iṣẹ́ Éclair ní Fort Lee, New Jersey, ó sì run èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ṣe ní Amẹ́ríkà.

Ní Argẹntínà, Quirino Cristiani gbé El Apóstol jáde lọ́dún 1917. Òun ni kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ láyé. Páálí ni wọ́n gé láti fi ṣe é, Ààrẹ Hipólito Yrigoyen ni wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀. Iná tó jó ilé iṣẹ́ Federico Valle lọ́dún 1926 ló pa á run. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé fíìmù gígùn rẹ̀ kejì, Sin dejar rastros, lọ́dún 1918. Ẹ̀kẹta, Peludópolis (1931), tó jẹ́ kàtúùnù gígùn olóhùn àkọ́kọ́, bá iná lọ. Nítorí náà, kàtúùnù gígùn tó dàgbà jù tó ṣì wà ni ti Lotte Reiniger ará Jámánì, èyí tó jáde lọ́dún 1926.

Ní Rọ́ṣíà, Mikhail Tsekhanovsky bẹ̀rẹ̀ fíìmù kan lórí ìtàn Pushkin nípa àlùfáà àti Balda ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1933. Shostakovich ló kọ orin rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn Pravda bẹnu àtẹ́ lu Shostakovich lọ́dún 1936, iṣẹ́ náà dúró. Bọ́ǹbù tó bọ́ sórí Leningrad lọ́dún 1941 run èyí tí wọ́n ti yà. Ìran ọjà nìkan ló kù, ìyàwó Tsekhanovsky ló sì pa á mọ́.

Ilẹ̀ Áfíríkà

Ní Íjíptì, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Frenkel gbé Mish-Mish Effendi, ẹ̀dá kàtúùnù wọn, jáde nínú fíìmù Mafish Fayda lọ́dún 1936. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ sí Faransé, wọ́n kó fíìmù wọn dání. Inú ilé ni ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn ọmọ ìdílé náà tó tún gbé e jáde.

Òfin Laval ti ọdún 1934 fi dandan lé e pé kí ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé jẹ gàba lé lórí gba àṣẹ. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí kàtúùnù pẹ́ dé níbẹ̀, tí Moustapha Alassane ará Nìjẹ̀ fi jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Jean Rouch, aṣefíìmù ará Faransé, ràn án lọ́wọ́, Alassane sì kọ́ṣẹ́ kàtúùnù lọ́dọ̀ Norman McLaren ní Kánádà. La mort de Gandji jáde lọ́dún 1965. Ọdún kejì, ó gbé Bon voyage, Sim jáde: ààrẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ rìnrìn àjò, kí ó tó délé, wọ́n ti gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Libreville, olú ìlú Gàbọ́n, eré tí òṣèré ń ṣe ló ṣáájú kàtúùnù, bíi ti Philippe Mory àti Pierre-Marie Dong lọ́dún 1972. Ìjọba dá àjọ sinimá, CENACI, sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1975. Paris ni wọ́n ti ń fọ ọ̀pọ̀ fíìmù àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí nígbà náà, ibẹ̀ náà sì ni Cinémathèque Afrique, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1961, ti ń tọ́jú ẹ̀dà wọn.

Àwọn tí wọ́n tún rí

Lọ́dún 2008, ìròyìn kàn pé wọ́n ti rí Namakura Gatana (1917), kàtúùnù Jàpáànù, lára ẹrù àtijọ́ tí wọ́n rà lọ́jà ní Osaka. Wọ́n tún rí Empty Socks, ọ̀kan nínú 26 kàtúùnù ehoro Oswald tí Disney ṣe, ní Norway lọ́dún 2014.

Ibi ìpamọ́ nìkan kò tó. Omíyalé ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 ba fíìmù jẹ́ níbi ìpamọ́ FESPACO, àjọ̀dún sinimá Áfíríkà, ní Ouagadougou. Èyí tó ní ẹ̀dà níbòmíràn ṣì ṣeé wò. Èyí tí kò ní ti di àkọsílẹ̀ lásán, gẹ́gẹ́ bíi ti Cristiani.