Níbo Ni Ìdájọ́ Gáà Parí Sí?

"Bí o láyà, o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, o sòótọ́." Ọ̀yọ́ ló lòwe yìí, àmọ́ ó ti rìn jìnnà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, oníwàásù tó bá ń sọ ti Hámánì àti igi tó rì fún Módékáì kò níí wá Gáà tì. Ààfáà náà ní Firiáónà tirẹ̀ tó lè fi gbè é.

Baṣọ̀run ni Gáà, olórí Ọ̀yọ́mèsì, àwọn afọbajẹ, ní Ọ̀yọ́-Ilé. (Ọ̀yọ́ tí Àtìbà wá jọba sí, tí a ń ná ọjà Àkẹ̀sán rẹ̀ lónìí, kò tíì dáyé nígbà náà.) Bí Aláàfin bá ṣe àṣejù, Ọ̀yọ́mèsì a kọ̀ ọ́, Baṣọ̀run a gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ọba a sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ohun tí àwọn baba fi ń dá ìgbéraga ọba lẹ́kun gan-an ni Gáà sọ di idà ara rẹ̀. Ó ń fi ọba jẹ, ó ń pa ọba. Awọnbíojú kọ̀, kò dọ̀bálẹ̀ fún un. 130 ọjọ́ péré ló lò lórí ìtẹ́.

Àwọn ọmọ rẹ̀ tún wá burú jù ú lọ. Àlùfáà Samuel Johnson, tó sin ìjọ ní Ọ̀yọ́, tó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, sọ ti ọ̀kan nínú wọn. Ó di ẹrù tó ju agbára alárùú lọ lé ọkùnrin kan lórí, ó ń rìn tẹ̀ lé e, ó ń wo bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń ràn. Ó ní irú ọrùn tó ki báyìí, ṣé idà lè ràn án? Ó fa idà yọ, ó dán an wò. Orí alárùú bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù.

Aláàfin Abíọ́dún rí gbogbo èyí, ó ń lọ kí Gáà láràárọ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Àfi ìgbà tó yọ́ jáde láàfin lóru, tó sì bá Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, mulẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ní 1774, ogun wọ Ọ̀yọ́. Gáà ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, oògùn kò sì jẹ́ mọ́. Ikú ẹ̀sín ló kú.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dákẹ́ sí, tí wọ́n á ní Ọlọ́run dájọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, dé ibì kan. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá jákèjádò ilẹ̀ ọba, wọ́n sì pa ọmọ Gáà nílùú gbogbo. Ṣé gbogbo wọn ló fa idà yọ sí alárùú? A máa ń sọ pé "fìjà fỌ́lọ́run jà, fọwọ́ lérán," àwọn kan sì ka èyí sí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Abíọ́dún kò fọwọ́ lérán, n kò sì dá a lẹ́bi. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ Gáà? Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tí àgbà rí tó fi sọ ọ́ ni pé ọmọ aráyé mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀san, wọn kì í mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró.

Ọmọ kan ṣẹ́ kù: Òjó Agùnbámbárù, tó sá wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Awólẹ̀, ó kó ogun Ìbàrìbá wọ Ọ̀yọ́, ó ń pa àwọn ìjòyè, ó ní ọ̀rẹ́ Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó ti ṣọ̀tẹ̀ sí ọba rẹ̀, ni wọ́n. Ó wá kọjú sí Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ ní Ìlọrin, ó kù díẹ̀ kó borí kó tó sá padà. Àfọ̀njá náà, ọwọ́ ọmọ ogun tó fúnra rẹ̀ kó jọ ló kú sí. Tòyèjẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀tún rẹ̀, ni wọ́n fi oyè Kakaǹfò lé lórí, ogun Ìlọrin sì ni iṣẹ́ tó bá nílẹ̀.