Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí: Ìtàn Fọ́nrán Ọpọlọ Nílé Ẹjọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ènìyàn méjì bá jà nírọ̀lẹ́ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì bá ọ̀kan lókùú lẹ́bàá títì Ìlobu láàárọ̀, irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ṣé ìlù ló pa á ni, àbí wárápá ló gbé e, tí kò fi rí èémí mí?

Fọ́nrán tín-ín-rín kún inú ọpọlọ. Ní 1956, Sabina Strich, oníṣègùn ní Oxford, ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ ènìyàn 5 tí wọ́n fi orí ṣèṣe: fọ́nrán wọn ti bàjẹ́ káàkiri. Ó ní ìfàya ìgbà ìjàǹbá ló fà á.

Láàárín 1990 sí 1999, ọ̀nà mìíràn gbilẹ̀. Wọ́n ń kun ègé ọpọlọ láti wá èròjà kan tí ń jẹ́ beta-APP. Bí fọ́nrán bá bàjẹ́, èròjà yìí a gbára jọ bí ọkọ̀ tó há sójú títì, a sì hàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ẹ̀rí ìlù ti dé. Àṣé àìtó atẹ́gùn ọ́síjìn náà a máa fa ohun kan náà.

Ní 2001, Jennian Geddes àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ ìkókó tí wọ́n ní a ṣe léṣe, àìtó ọ́síjìn ló ba ọpọlọ jẹ́ jù. Ní 2005, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù tún irú ẹjọ́ 4 gbé yẹ̀ wò. Kò gba gbogbo àbá Geddes wọlé, síbẹ̀ ó wọ́gi lé ìdálẹ́bi 2, ó sọ ìpànìyàn 1 di èyí tí a kò pète, ó sì fọwọ́ sí 1.

Bí ìbàjẹ́ náà ṣe tò ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ti ìlù a máa fọ́n ká, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan tàbí díẹ̀díẹ̀, pàápàá níbi tí ìhà ọpọlọ méjèèjì ti so pọ̀ àti ní ìdí ọpọlọ. Ti àìtó ọ́síjìn a máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lẹ́bàá ibi tó ti kú. Nítorí náà, ègé kan ṣoṣo kò tó ṣèdájọ́.

Ọpọlọ sábà máa ń wà nínú fọ́málínì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gé e wò dáadáa. Ní Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ ìdílé ń sin òkú lọ́jọ́ tó kú gan-an. Ọ̀wọ̀ òkú ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn bá ti wà nílẹ̀, ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lè ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ títí ayé.