Òfin Ìsinmi Nítorí Ẹbí àti Àìlera (Amẹ́ríkà)

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ẹni tó bá gba ìsinmi nítorí ìbímọ, ìgbàtọ́ ọmọ, tàbí àìsàn líle tó kọlu òun fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí òbí rẹ̀. Ààrẹ George H. W. Bush kọ̀ láti buwọ́ lù ú ní 1990 àti 1992. Bill Clinton ló buwọ́ lù ú ní oṣù Kejì, 1993.

Ọ̀sẹ̀ 12 ni ìsinmi náà láàárín oṣù 12. Ìbánigbófò ìlera òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró, bó bá sì padà dé, ipò rẹ̀ tàbí èyí tó bá a dọ́gba ni wọn yóò fún un. Àbùkù rẹ̀ tó dunni jù ni pé kò sí owó oṣù níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀ ni kò lè gbà á. Kò kan ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ẹni tí kò tíì lo oṣù 12 níbi iṣẹ́ náà.

Òfin náà kò ka àna sí òbí. Ṣùgbọ́n ó ka ẹni tó tọ́ni dàgbà sí òbí, yálà àǹtí ni tàbí ìyá àgbà. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà lè tipa bẹ́ẹ̀ wálé wá tọ́jú ìyá àgbà tó tọ́ ọ n'Íbàdàn, ìwé ẹ̀rí dókítà ibẹ̀ sì ṣeé lò.