Mímú Gìtá Bẹ́ẹ̀sì Sunwọ̀n Sí I

Gìtá bẹ́ẹ̀sì ni gìtá tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ orin ró. Okùn mẹ́rin ló sábà máa ń ní: E, A, D àti G. Leo Fender gbé Precision Bass jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1951, Jazz Bass sì tẹ̀lé e ní 1960. Súkúrù ni Fender fi de ọrùn mọ́ ara gìtá rẹ̀, kò fi àtè lẹ̀ ẹ́; ìdí nìyí tó fi rọrùn láti yọ ẹ̀yà kan kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nínú orin jùjú, agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kí gìtá bẹ́ẹ̀sì tó gbapò rẹ̀. Lónìí, ní Ìjúrìn, Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, bíi ti ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá, gìtá bẹ́ẹ̀sì ti di ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ayẹyẹ.

Ọ̀pọ̀ gìtá tí kò wọ́n, tàbí àlòkù tó ti òkè òkun dé, ló lè dún dáadáa bí a bá tọ́ ọ sọ́nà. Iṣẹ́ náà ní ètò: ọrùn àti okùn ló ṣáájú, iná tẹ̀ lé wọn, irin àti igi ló kẹ́yìn. Ẹni tó ra píkọ́ọ̀pù olówó ńlá sínú gìtá tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́ kàn ń náwó lásán ni.

Ọrùn

Igi máa ń fa ọ̀rinrin nígbà òjò, ó sì máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́. Gìtá tó dún geerege ní oṣù Kẹsàn-án lè máa ta gìrì-gìrì ní oṣù Kínní, nítorí pé ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn, okùn sì ń kan frẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn. Ojú ọrùn náà lè sún kì, kí etí àwọn frẹ́ẹ̀tì yọ síta kó máa gé ọwọ́. Fáìlì kékeré la fi ń yún etí wọn.

Ọ̀pá irin kan wà nínú ọrùn tó ń bá okùn fà á. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, a ó tẹ okùn E mọ́ frẹ́ẹ̀tì kìíní, a ó sì tún tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Àlàfo bíi 0.3 mílímítà, tí kò ju sísanra káàdì ìpè kan lọ, ló yẹ kó wà láàárín okùn àti frẹ́ẹ̀tì keje. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó fún ọ̀pá náà. Bí kò bá sí àlàfo rárá, a ó dẹ̀ ẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin yíyípo ti tó lẹ́ẹ̀kan, kí a sì tún wò ó kí a tó fọwọ́ kàn án mọ́. Bí kò bá yí, a kì í fipá yí i, nítorí bí ọ̀pá bá kán, ọrùn bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọrùn ni bríìjì, irin orí ara gìtá tí okùn jókòó lé. A ó gbé okùn sókè tàbí sílẹ̀ títí yóò fi jìnnà sí frẹ́ẹ̀tì kejìlá ní nǹkan bíi mílímítà méjì sí méjì àbọ̀. Bí ohùn tí a tẹ̀ ní frẹ́ẹ̀tì kejìlá bá ga ju ohùn òfìfo okùn náà ní ìlọ́po méjì lọ, a ó fa ìjókòó okùn sẹ́yìn. Bí ó bá lọ sílẹ̀, a ó tì í síwájú.

Okùn

Okùn tuntun ni àtúnṣe tó ń yí ohùn padà kíákíá jù. Okùn tí a we wáyà róbótó lé lórí máa ń dún gbangba. Èyí tí wáyà rẹ̀ pẹlẹbẹ máa ń dún rọlẹ̀, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ ohùn àtijọ́. Òógùn ọwọ́ a máa ba okùn jẹ́, nítorí náà ó yẹ kí a nù ún lẹ́yìn ìlò. Bí a bá se okùn àlòkù nínú omi tó ń hó, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á jáde, ohùn rẹ̀ á sì tún mọ́, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ẹni tó fẹ́ ohùn tó jìn ju ti E lọ lè fi okùn B, E, A àti D sórí gìtá olókùn mẹ́rin. A ó fẹ ojú àwọn ihò eegun tó wà lókè ọrùn kí okùn tó nípọn lè wọ̀ ọ́. A tún lè fi eegun màlúù gbẹ́ tuntun. Lẹ́yìn náà, a ó tún ọrùn àti bríìjì wò.

Iná àti píkọ́ọ̀pù

Píkọ́ọ̀pù ni òòfà tí a we wáyà bàbà tín-ín-rín yíká. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lórí rẹ̀, iná díẹ̀díẹ̀ á máa jáde lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ṣùgbọ́n wáyà yìí kan náà ń gba ariwo. Iná mànàmáná Nàìjíríà ń lọ ní 50 hertz, ohùn G tí a ń tẹ̀ ní frẹ́ẹ̀tì kẹta lórí okùn E sì jẹ́ 49 hertz. Inú ohùn bẹ́ẹ̀sì gan-an ni ariwo iná bọ́ sí, kò sì ṣeé fi bọ́tìnnì ohùn yọ kúrò láì ba orin jẹ́.

Ọ̀nà méjì la fi ń bá a jà. Èkíní ni píkọ́ọ̀pù tó ń pa ariwo ara rẹ̀, bíi èyí tí Fender pín sí méjì lórí Precision Bass ní 1957. Èkejì ni kí a fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ihò inú gìtá, kí a sì so ó mọ́ wáyà ilẹ̀. Bí ariwo bá dínkù nígbà tí ọwọ́ bá kan okùn, wáyà ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Fífi bàbà bo ihò ló kù. Irin ilẹ̀ ara plọ́ọ̀gì ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò gbọdọ̀ di gígé, torí iná lè gbé olórin tó fọwọ́ kan okùn tó sì fẹnu kan máíkì.

Ẹni tó mọ rédíò tún ṣe lè jó lẹ́ẹ̀dì sí gbogbo èyí. Òun náà lè fi ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì fólítì mẹ́sàn-án sínú gìtá kí ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè lè ṣeé bù kún. Music Man StingRay ti ní irú rẹ̀ láti 1976. Bí wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá wà lójú ihò gìtá, bátìrì ń tán lọ, nítorí náà ó yẹ kí a yọ wáyà náà lẹ́yìn orin.

Irin àti igi

Èèkàn orí gìtá, tí a fi ń fa okùn, máa ń jẹ́ kí okùn dúró lórí ohùn rẹ̀ bí kò bá yọ̀, èyí tó fúyẹ́ kì í sì jẹ́ kí orí gìtá wọ́ sílẹ̀. Bríìjì tuntun wúlò bí ti àtijọ́ bá ti dípẹtà tàbí tí kò ṣeé tò mọ́.

Igi tí a lè fi ṣe ara tuntun kò jìnnà sí ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Igi afara tí ń hù nínú igbó wa ni ilé iṣẹ́ Gibson lò, lábẹ́ orúkọ korina, fún gìtá Flying V àti Explorer ní 1958. Arère fúyẹ́, ọ̀gànwó le díẹ̀, ìrókò ló wúwo jù lọ nínú wọn fún èjìká. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú Agbọnbíọfẹ́ Adéṣínà, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1945, kò ṣàìní ọwọ́ tó mọ igi. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí a tó gbẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò là.

Àwọn kan ń yọ frẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá kí ohùn lè máa yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Jaco Pastorius ló mú irú Jazz Bass bẹ́ẹ̀ lókìkí ní àwọn ọdún 1970. Ó ṣòro láti dá èyí padà. Àtúnṣe yòówù kí a ṣe, bí gìtá bá níye lórí, kí a máa fi ẹ̀yà tí a yọ kúrò lára rẹ̀ pamọ́, nítorí ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́jọ́ iwájú lè béèrè wọn.