Báwo ni àwọn ará ìlú ṣe di olùkọ́ ọmọ wọn ní agbègbè Tamale, Ghana?

Orúkọ Tamale kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn tẹ̀dó síbẹ̀, kó tó di pé ìjọba Kofi Busia pàṣẹ lóṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni bí àwọn òbí agbègbè náà ṣe jà fún ẹ̀kọ́ ọmọ wọn.

Kí ló fà á tí ilé ìwé fi pẹ́ dé àríwá?

Àwọn míṣọ́nnárì ti ń kọ́ ọmọ níwèé ní etíkun Ghana tipẹ́ kí ìjọba amúnisìn tó ṣí ilé ìwé sí Tamale lọ́dún 1909. Ilé kéú ni ọ̀pọ̀ ọmọ Dagomba ti ń kàwé nígbà náà.

Lọ́dún 1961, ìjọba Kwame Nkrumah ṣòfin pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di dandan. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ló ń kọ́ ọmọ níwèé. Ilé ìwé jìnnà sí abúlé mìíràn, àwọn òbí sì nílò ọmọ lóko àti lẹ́yìn màlúù.

Ọmọ tó bá tilẹ̀ dé kíláàsì yóò bá èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Dagbani ni wọ́n ń sọ nílé.

Kíláàsì ọ̀sán

Lọ́dún 1995 ni ètò School for Life bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn láti Denmark. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ tí kò lọ ilé ìwé rí ní kíkà, kíkọ àti ìṣirò, ní èdè abínibí rẹ̀.

Ọ̀sán ni kíláàsì náà, kí ọmọ lè kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ilé. Ará abúlé ni olùkọ́, owó ọṣẹ lásán ló sì ń gbà. Lẹ́yìn náà, ọmọ á wọ ilé ìwé ìjọba.

Àwọn ìyá náà dìde

Lọ́dún 2007, Ghana fi ọdún méjì jẹ́lé-ó-sinmi kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó di dandan. Iye ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ.

Níbẹ̀ ni àjọ Lively Minds ti wọlé ní àríwá Ghana. Ó ń kọ́ àwọn ìyá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé, láti fi ohun ìṣeré tí wọ́n ṣe ládùúgbò kọ́ ọmọ kéékèèké ní kíka nǹkan àti dídá àwọ̀ mọ̀. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ghana ti tẹ́wọ́ gba ètò náà.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa.

Ojú kan ni ìtàn méjèèjì forí tì: ilé ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyá tí kò mọ̀wé náà sì ní ohun tó lè kọ́ ọmọ rẹ̀.