Gáàsì, Hótpléètì tàbí Induction: Èwo Ló Yẹ Ilé Ìdáná Yín ní Zaria?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó wà lẹ́yìn odi, pàápàá ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, Samaru, Tudun Wada àti Kongo, ọ̀rọ̀ ohun ìdáná ti di ohun tí a kì í lè sọ tán. Ẹnì kan á ní ká pa gáàsì tì, pé induction ló lòde. Ẹlòmíràn á ní iná ọba kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Lójú tiwa, kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta ààrò ló yẹ kó kọ́kọ́ pinnu, bí kò ṣe irú iná tó ń wọlé yín, irú ìkòkò tí ẹ ní, àti irú yàrá tí ẹ ti ń dáná.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A dé náírà 225 fún yúníìtì kan. Àwọn yìí ló yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20, ó kéré tán, lójúmọ́. Iye náà ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Owó tí àwọn band yòókù ń san kéré gan-an sí ìyẹn, ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n ń rí iná náà kò pọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ band tí Kaduna Electric fi àdúgbò yín sí, kí ẹ sì wo iye yúníìtì kan lórí rìsíìtì iná tí ẹ rà kẹ́yìn.

Ìṣirò tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sọ́jà nìyí. Agbára tó wà nínú kílò gáàsì kan tó nǹkan bíi yúníìtì iná 13. Àmọ́ púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sá lọ; bí ìdajì bá wọ inú ọbẹ̀, ó ti gbìyànjú. Induction kì í ṣòfò bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 85 nínú 100 ló ń wọ ìkòkò. Ti hótpléètì tó nǹkan bíi 70. Oúnjẹ tí kílò gáàsì kan bá sè, induction á fi nǹkan bíi yúníìtì méje àbọ̀ sè é, hótpléètì á fi nǹkan bíi mẹ́sàn-án. Torí náà, ẹ fi 7.5 sọ owó yúníìtì yín di púpọ̀. Bí ohun tó jáde bá kéré sí owó kílò gáàsì kan níbi tí ẹ ti ń rọ̀ ọ́, induction ló dín owó kù. Lórí náírà 225, á jẹ́ nǹkan bíi náírà 1,690. Bó bá jẹ́ náírà 60 ni yúníìtì kan, náírà 450 péré ni.

Ẹ̀yin band ìsàlẹ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Iná tó dé ní aago méjì òru kò se oúnjẹ alẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá tún jẹ́ iná tí kò lágbára ńkọ́, èyí tí gílóòbù máa ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí? Hótpléètì tí wọ́n kọ 2,000 wáàtì sí lára, orí fóltéèjì 230 ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí iná bá wálẹ̀ sí 160, agbára hótpléètì náà kò ní tó 1,000 mọ́. Ẹ̀wà tí ẹ gbé kaná ní aago mẹ́rin á ṣì máa wò yín ní aago méje. Ọ̀pọ̀ induction kò tilẹ̀ ní gbìyànjú rárá. Á kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà kan sójú, á sì kú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé wọn, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ló ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lójijì. Induction kì í jó bí iná. Agbára òòfà ló fi ń mú kí ìdí ìkòkò fúnra rẹ̀ gbóná. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, alumíníọ́mù ló kún ilé wa, òòfà kì í sì í mú un. Ẹ wá òòfà kékeré, bóyá ti inú sípíkà tó ti bàjẹ́, kí ẹ gbé e sí ìdí ìkòkò yín. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, tí ìdí rẹ̀ sì tẹ́jú, ó dára. Bó bá já bọ́, ẹ fi owó ìkòkò tuntun kún owó induction kí ẹ tó sọ pé ó pọ́.

Àmàlà wá ńkọ́? Ẹni tó bá ti fi omorógùn ro àmàlà èèyàn mẹ́fà rí mọ bí ìkòkò ṣe ń jà. Gíláàsì ni ojú induction, ó ń yọ̀, ó sì lè là. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ kí ẹ tó rò ó, tàbí kí ẹ fi gáàsì ro àmàlà, kí induction máa se omi tíì, ìrẹsì àti ọbẹ̀.

Gáàsì ló kù, òun ló sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nínú ilé face-me-I-face-you, níbi tí kálukú ti ń dáná lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, kì í gba fèrèsé jáde, ilẹ̀ ló ń rà kiri, á máa wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí á fi pàdé iná. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ má fọwọ́ kan súwíìṣì, ì báà ṣe láti tàn án tàbí láti pa á. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Sílíńdà kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí èèyàn ń sùn. Ìta ni àyè rẹ̀. Ẹ máa fi ìfófòó ọṣẹ pa ara rọ́bà àti rẹ́gúlétọ̀. Ibi tó bá ń ru ló ń jò.

Ọyẹ́ Zaria tún ní tirẹ̀. Láàárọ̀, gáàsì lè máa jó kúẹ́kúẹ́ bí ẹni tí kò jẹun, pàápàá tó bá ti ń tán lọ. Òtútù ni kò jẹ́ kó tètè di afẹ́fẹ́. Ẹ má tìtorí ẹ̀ gbé sílíńdà sínú omi gbígbóná tàbí sún un mọ́ iná. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ díẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ yìí kan náà làwọn kan ń ti fèrèsé pa, tí wọ́n ń gbé ààrò èédú wọ yàrá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Afẹ́fẹ́ olóró tí èédú ń tú jáde kò ní òórùn, ojú oorun ló sì ń pa èèyàn.

Bó bá jẹ́ àwa, ilé tó ní ọmọ á fi gáàsì ṣe olórí, sílíńdà 12.5 kílò, kí sílíńdà wà níta. Tí ẹ bá wà ní Band A, tí mítà sì jẹ́ tiyín nìkan, ẹ fi induction olójú kan kún un. Níbi tí ojúlé mẹ́rin ti ń lo mítà kan, hótpléètì ìjà lẹ ń rà. Èyí tó wù kí ẹ rà nínú méjèèjì, ara ògiri ni kí ẹ kì í bọ̀, kì í ṣe ara wáyà ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n ọlọ́wọ́ pọ́ọ́kú, torí 2,000 wáàtì ń fa nǹkan bí áńpíà 9.

Tí ẹ bá ń lọ rọ gáàsì, ìwọ̀n sílíńdà òfìfo wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ni. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n lójú yín lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ̀ ọ́ tán, kí ẹ yọ ìwọ̀n òfìfo yẹn kúrò, kí ẹ tó sanwó.